Iyọ̀ Orí Títì àti Ọkọ̀ Wa: Bí A Ṣe Lè Dènà Ìpáàrà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará wa sọ níbi ìpàdé ìmọ̀ràn, kí ìgbà òtútù tó wọlé

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ síbí tààrà, nítorí náà a ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, owó ilé àti owó káńsù ni mo mọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ yìí. Kí ló wá kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò tó dógùn-ún?" Ó kàn wá púpọ̀. Àwa tí a máa ń jókòó sídìí tábìlì ìmọ̀ràn rí i pé gbèsè míì wà tó jẹ́ pé ọ̀nà mọ́tò ló gbà wọlé. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó èrò, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé ní aago mẹ́rin ìdájí, bákan náà ni. Ọjọ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé ibi àyẹ̀wò MOT, tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, ọjọ́ náà ni wàhálà dé. Ẹlòmíràn á sáré lọ yá owó tí èlé rẹ̀ pọ̀, kó lè ra ọkọ̀ míì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ohun tó sì dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì dára. Àwa ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ́ńjìnnì la mọ̀ ọ́n ṣọ́. A máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. A sì máa ń fọ òde ọkọ̀ títí á fi máa dán, pàápàá bí ọjọ́ Sọ́ńdè bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀, ta ló ń wo ibẹ̀? Nílùú tí a wà yìí, abẹ́ gan-an ló yẹ ká máa wò.

KÍ NI ÌPÁÀRÀ?

Àwọn kan ń pè é ní ìpáàrà, àwọn kan ń pè é ní ìpẹtà, àwọn mìíràn á ní irin náà dógùn-ún. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sóko mọ̀ pé àdá tí a bá gbàgbé sínú ìrì yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kó tó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ohun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀: irin, omi, àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, ìpáàrà ò lè wáyé. Gbogbo ohun tí a óò sọ lónìí, orí kókó yìí ló dúró lé: ká má jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ fojú kan irin.

Ohun kẹrin wà tó máa ń ti àwọn mẹ́ta yìí sáré, òun ni iyọ̀. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná mànàmáná kéékèèké káàkiri ojú irin ju omi lásán lọ, iná yìí ló sì ń mú kí ìpáàrà yára. Iyọ̀ tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ rántí bí iyọ̀ tí a ṣí sílẹ̀ nínú ilé ìdáná ṣe máa ń rin nígbà òjò. Nítorí náà, ibi tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ lára irin kì í tètè gbẹ.

Nílé, àwọn tó ń gbé létí òkun, bíi Badagry tàbí Erékùṣù Èkó, mọ ohun tí atẹ́gùn òkun máa ń fi ojú páànù àti géètì rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wa mọ́tò ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, kò sí ẹni tó bá a da iyọ̀ sójú títì. Níhìn-ín ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń dà á. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kẹrin ni àwọn ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ máa ń wà ní sẹpẹ́, kí omi má bàa dì lójú ọ̀nà, nítorí omi iyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Iyọ̀ àpáta ni, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ibi tí wọ́n ti ń wà á jù lórílẹ̀-èdè yìí ni Winsford, ní Cheshire. Iyọ̀ yìí ń gba ẹ̀mí là, a ò bá ìjọba jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìjàǹbá lójú títì náà ló ń jẹ ọkọ̀ wa lábẹ́.

Ohun kan tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ooru máa ń mú ìpáàrà yára ni. Ọkọ̀ tó ti rin ojú iyọ̀, tí a wá gbé wọ gáráàjì tó móoru tí a sì ti ilẹ̀kùn pa láìfọ̀ ọ́, ó lè tètè jẹ ju èyí tó sùn síta nínú òtútù lọ. Bákan náà ni ọ̀rá tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá, tí àwọn kan fi ń bo ọkọ̀. Ńṣe ló ń sé omi mọ́ ọkọ̀ náà lára.

AṢỌ TÍ ILÉ-IṢẸ́ WỌ̀ FÚN ỌKỌ̀

Ẹ rántí páànù tuntun tí wọ́n fi ń kan ilé nílé, bó ṣe máa ń dán bíi fàdákà. Síńkì tí wọ́n fi bo irin náà ló ń dán bẹ́ẹ̀. Síńkì yìí ló máa ń fi ara rẹ̀ gba ìyà: òun ni omi àti afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ máa jẹ, irin á sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìfarapa. Ọjọ́ tí síńkì bá tán ni páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, bí a ti ń rí i lórí àwọn ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta.

Bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ṣe rí náà nìyẹn. Irin wọn ní síńkì lára, wọ́n á tún ri gbogbo ara ọkọ̀ náà bọ inú ọ̀dà ìsàlẹ̀, kí wọ́n tó wá kun ọ̀dà aláwọ̀ àti èyí tó ń dán lé e. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ìsinsìnyí fi ń pẹ́ ju ti ayé àtijọ́ lọ. Àwọn àgbà tó ti wà níhìn-ín tipẹ́ á rántí pé ní 1980, ilé-iṣẹ́ Lancia ní láti ra àwọn ọkọ̀ Beta kan padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ nílẹ̀ yìí, nítorí ìpáàrà ti jẹ irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé.

Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Òkúta kékeré tó ta bá bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ha ilẹ̀kùn, jáàkì tí wọ́n fi sí ibi tí kò yẹ, ẹnu ni gbogbo wọn ń là fún omi. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń ṣe ìlérí ọdún 12 pé ìpáàrà ò ní lu irin láti inú jáde sí òde. Bí ọkọ̀ yín ò bá tíì tó ọjọ́ orí náà, ẹ wá ìwé ìlérí yìí jáde kí ẹ kà á dáadáa. Wọn kì í ka ìpáàrà tí òkúta tàbí ìfarapa fà mọ́ ọn, ẹlòmíràn nínú wọn sì máa ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ ń gbé ọkọ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò lásìkò. Ẹ má sì fọkàn sí ìnṣọ́ránsì: ìnṣọ́ránsì mọ́tò lásán kì í sanwó ìpáàrà, nítorí wọ́n kà á sí ogbó.

IBI TÓ Ń FARA PAMỌ́ SÍ

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bí ẹ bá rí i tí ọ̀dà wú bí ìléròrò lára ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí irin ti ń jẹ láti inú wá. Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ibi tó yẹ ká máa wò.

Ẹ̀kíní, inú mọ́dígáàdì. Taya máa ń ta ẹrẹ̀ àti iyọ̀ sókè síbẹ̀, ẹrẹ̀ náà á sì dì mọ́ etí irin níbi tó ká sínú. Bí òde bá gbẹ, ẹrẹ̀ inú á ṣì tutù.

Ẹ̀kejì, irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, láti taya iwájú dé taya ẹ̀yìn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ìhín ń pè ní sill. Inú rẹ̀ ṣófo. Ó wà lára egungun ọkọ̀, òun ló sì ń gba agbára ìkọlù láti ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀kẹta, ibi tí wọ́n ń fi jáàkì sí. Ọ̀dà máa ń bó níbẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè.

Ẹ̀kẹrin, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ búùtù, pàápàá ihò tí a ń gbé taya àfipamọ́ sí. Ẹ gbé taya náà jáde. Bí ẹ bá bá omi níbẹ̀, rọ́bà kan ti ń jò nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì tó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ àti gíláàsì tó máa ń ní ìkùukùu nínú láràárọ̀, àmì kan náà ni.

Ẹ̀karùn-ún, páìpù bíréèkì, ibi tí sípíríìǹgì àti apá taya ti so mọ́ ara ọkọ̀, àti ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti kan irin. Ìwọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Páìpù bíréèkì tó ti jẹ lè bẹ́ lọ́jọ́ tí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ọjọ́ náà sì ni a nílò rẹ̀ jù. Bẹ́líìtì tí irin rẹ̀ ti rà, aṣọ lásán ló kù.

Tọ́ọ̀ṣì kan tó. Ẹ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí ẹ tan iná wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn sikuduráfà kan irin náà jẹ́jẹ́: irin tó le á dún ketekete, èyí tó ti jẹ á dún bọ̀ọ̀. Ẹ má ṣe ha páìpù bíréèkì o, mẹkáníìkì ni kó wo ìyẹn. A sì bẹ yín lórúkọ àwọn ọmọ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yẹ̀. Àfi kí ẹ fi òpó irin tó le gbà á dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tàbí kí ẹ san owó díẹ̀ kí gáráàjì gbé e sókè fún yín.

OHUN TÍ A LÈ FI ỌWỌ́ ARA WA ṢE

Àkọ́kọ́ ni omi. Nígbà òtútù, ẹ máa fọ abẹ́ ọkọ̀ àti inú mọ́dígáàdì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, pàápàá lẹ́yìn tí yìnyín bá ti yọ́ tí wọ́n sì ti da iyọ̀. Rọ́bà omi lásán tí ẹ tẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ṣàǹfààní. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn afọkọ̀, ẹ béèrè pé kí wọ́n fọ abẹ́. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ tó ń tú omi líle fọ̀ ọ́, kí wọ́n má fi ẹnu rẹ̀ sún mọ́ rọ́bà àti ibi tí ọ̀dà ti fẹ́ bó. Ọṣẹ ìfabọ́ kì í ṣe ti mọ́tò o, ó máa ń bó wax tó ń dáàbò bo ọ̀dà. Ọṣẹ mọ́tò ò wọ́n.

Èkejì ni ihò omi. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀, sill náà ní, abẹ́ gíláàsì iwájú náà ní, níbi tí ewé igi máa ń kó jọ sí. Omi òjò máa ń wọ inú ilẹ̀kùn lójoojúmọ́. Kò sí aburú níbẹ̀ bó bá ṣáà ti rí ọ̀nà jáde. Bí ewé àti ẹrẹ̀ bá dí ihò, ilẹ̀kùn di ìkòkò omi nìyẹn. Ẹ fi ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo tàbí ọ̀rá líle tín-ín-rín ṣí i jẹ́jẹ́. Ẹ má lo irin ṣóṣóró tó máa ha ọ̀dà inú.

Ẹ̀kẹta ni ojú ọgbẹ́. Bí òkúta bá ti ta ọ̀dà dànù, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ yan ọjọ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ tí kò sì tutù jù. Ẹ fọ ibẹ̀ kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ fi sáńpépà kékeré ha ìpáàrà kúrò títí ẹ ó fi rí irin tó ń dán. Bó bá ku díẹ̀ nínú ihò kéékèèké, oògùn kan wà tí wọ́n ń tà fún un, tó máa ń sọ ìpáàrà di dúdú tí á sì mú un dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà ìsàlẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀, ọ̀dà tó ń dán, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Nọ́ńbà àwọ̀ ọ̀dà yín wà lára ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí i lára irin ẹnu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kíkun ọ̀dà lórí ìpáàrà láìha á dà bí ìgbà tí a fi aṣọ bo egbò tó ń kẹ̀. Yóò tún yọ.

Ọ̀RỌ̀ WAX ABẸ́ ỌKỌ̀

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bo abẹ́ ọkọ̀. Ti àtijọ́ ni ohun dúdú tó dà bí ọ̀dà títì. Ó le, ó sì nípọn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bó bá gbó, á sán, omi iyọ̀ á gba ojú sísán náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, á sì máa jẹ irin níbi tí ojú ò tó. Èyí tó wọ́pọ̀ nísinsìnyí ni wax tó rọ̀ díẹ̀ bíi gírísì. Èyí tó ṣàn wà fún inú sill àti inú ilẹ̀kùn, okùn gígùn tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fọ́n ọn wọ inú ihò. Èyí tó nípọn wà fún abẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, inú oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án ló dára jù, kí iyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí irin lè gbẹ pátápátá. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ha ìpáàrà tó ti ṣí kúrò, kí ẹ tó fọ́n wax. Ẹ má fọ́n ọn sára bíréèkì, ẹsọ́ọ̀sì, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tàbí ihò omi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ má ṣe é nínú ilé tí a tì pa, ẹ má sì jẹ́ kí iná wà nítòsí. Lọ́dọọdún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tún ibi tó bá ti bó ṣe.

Bí ẹ bá gbé e fún àwọn tó ń fi í ṣe iṣẹ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ ó fọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì gbẹ ẹ́ kí ẹ tó fọ́n ọn? Ṣé ẹ ó fọ́n inú sill àti ilẹ̀kùn, àbí abẹ́ nìkan? Ṣé ẹ ó ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ fún mi ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́? Ẹni tó bá fẹ́ fọ́n ohun dúdú lé ìpáàrà àti ẹrẹ̀ lórí láàárín wákàtí kan, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ.

MOT ÀTI OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní England, Scotland àti Wales, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa lọ fún MOT lọ́dọọdún. Iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lórí àyẹ̀wò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni £54.85. Bí ìpáàrà bá wà níbi tí kò kan egungun ọkọ̀, ọkọ̀ lè yege. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ irin di hẹ́gẹhẹ̀gẹ láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí bẹ́líìtì, bíréèkì, ìdarí ọkọ̀ tàbí sípíríìǹgì ti so mọ́ ara ọkọ̀, ó lè já. Àtúnṣe irú ibẹ̀, irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ jó mọ́ irin yíká. Bọ́dì-fílà tí wọ́n fi dí ihò tí wọ́n wá kun ọ̀dà lé kò tó, ó sì léwu.

Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

Ẹ lè gbé ọkọ̀ lọ fún MOT nígbà tó bá ku oṣù kan dín ọjọ́ kan kí ti àtijọ́ tó parí, ọjọ́ ìsọdọ̀tun yín ò sì ní yí padà. Ẹ má dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Oṣù kan yẹn ni ẹ ó fi ní àyè láti wádìí iye owó níbi méjì, mẹ́ta.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "dangerous", ẹ má wà á rárá títí wọn ó fi tún un ṣe. Ìtanràn wíwa ọkọ̀ tó léwu lè tó £2,500, pẹ̀lú àmì mẹ́ta lórí láísẹ́ǹsì tàbí kí wọ́n fi òfin dè yín láti má wakọ̀ mọ́. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Bí ẹ bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe níbi tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀, tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, wọn kì í gba owó àyẹ̀wò kejì. Bí ẹ bá rò pé wọ́n já ọkọ̀ yín láìtọ́, ẹ má tíì tún un ṣe. Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn sí DVSA láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ tó yẹ kó já ni wọ́n jẹ́ kó yege, ẹ ní oṣù mẹ́ta láti fẹjọ́ sùn bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpáàrà. Ọjọ́ 28 péré ni fún àìdá mìíràn.

Àwọn káńsù kan ní ibi àyẹ̀wò MOT ti ara wọn tí ará ìlú lè lò. Wọn kì í tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀, nítorí náà wọn ò ní èrè kankan nínú kí ọkọ̀ yín já.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA ÀLÒKÙ

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2023 tí owó ULEZ ti kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ̀ tí kò kún ojú ìwọ̀n ń san £12.50 lóòjọ́, ọkọ̀ epo pẹtiróò tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 2006 ló yọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ará wa fi ń ra irú wọn. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wọn ti tó èyí tí ìpáàrà ń bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo ìtàn MOT rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lọ sẹ́yìn títí dé 2005 fún ọkọ̀ England, Scotland àti Wales. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "corrosion" tàbí "corroded". Bí wọ́n bá ti ń kọ ọ́ bí ìkìlọ̀ lọ́dún mẹ́ta léra, tí lọ́dún kẹrin kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ béèrè ìwé owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Bí kò bá sí ìwé, ó lè jẹ́ pé ohun dúdú ni wọ́n fi bò ó. Ẹ mú òòfà kékeré dání: kì í lẹ̀ mọ́ bọ́dì-fílà. Abẹ́ ọkọ̀ tó ti gbó tó sì ń dán dúdú bíi kóró iṣin lọ́jọ́ títà, kí ẹ fura.

Bó bá jẹ́ oníṣòwò lẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òfin 2015 lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọkọ̀ tí kò pójú òṣùwọ̀n padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín. Lọ́wọ́ ẹni kan lásán, ẹ̀tọ́ yín kéré. Ohun tó bá sọ nípa ọkọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

KÁ TÚN UN ṢE, ÀBÍ KÁ FI SÍLẸ̀?

Èyí ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá bá wa jù, àwa tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ wa sì lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀. Èló ni ọkọ̀ náà tó bí a bá tún un ṣe? Èló ni àtúnṣe, lórí ìwé, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ jíjó irin? Èló la ó fi ra òmíràn tó dára, pẹ̀lú èlé bó bá jẹ́ owó yíyá?

Ká ní wọ́n ní àtúnṣe jẹ́ £700. Bí mẹkáníìkì tó wo abẹ́ rẹ̀ bá fọwọ́ sọ̀yà pé ọdún méjì ló máa gbé e, nǹkan bí £29 lóṣù nìyẹn. Ó dín sí ohun tí ọ̀pọ̀ ń san lórí ọkọ̀ àwìn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọdún kan péré ni, nǹkan bí £58 lóṣù ni. Bó bá sì ní ìpáàrà ti dé gbogbo abẹ́, pé èyí tí a bá tún ṣe lónìí, òmíràn á yọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró. Taya tuntun tí ẹ rà lóṣù tó kọjá kì í ṣe ìdí láti tún náwó. Owó yẹn ti lọ, yálà a tún un ṣe tàbí a ò tún un ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, ibi tí ìjọba fún láṣẹ láti tú ọkọ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ fún DVLA, wọ́n á dá owó orí ọkọ̀ fún àwọn oṣù tó kù padà. Ní England àti Wales, òfin ò gbà kí wọ́n san owó irin àlòkù lówó tútù. Ẹni tó bá na owó tútù sí yín, ẹ sá fún un.

Àwọn kan máa ń béèrè pé, ṣé a ò kúkú lè fi ránṣẹ́ sílé? Nàìjíríà ti kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, òfin wọn ò sì gba ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí ìyẹn.

Ó KU Ẹ̀YIN

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́. Oṣù kẹsàn-án: ẹ wo abẹ́, ẹ ṣí ihò omi, ẹ fọ́n wax. Ìgbà òtútù: ẹ máa fọ iyọ̀ kúrò. Oṣù kẹrin: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ délẹ̀délẹ̀ nígbà tí iyọ̀ bá parí, kí ẹ tún ojú ọgbẹ́ ṣe. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ máa ya £15 sọ́tọ̀ lóṣù fún mọ́tò. £180 nìyẹn lọ́dún, ó sì lè jẹ́ òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ yá owó èlé.

Ẹ̀yin tí ìwé MOT ti wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ò sì yé ohun tó wà níbẹ̀, ẹ mú un wá sídìí tábìlì wa kí ẹ tó fọwọ́ sí àtúnṣe kankan. A ó jọ kà á, a ó jọ ṣírò rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àṣírí yín sì bò lọ́dọ̀ wa. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa lójú títì.